Àpótí tàbí àpò? Gbé ẹrù rẹ lé ìwọ̀n ná

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ra alùpùpù Suzuki V-Strom 650 tòkunbọ̀ kan ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gùn ún kúrò ní Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá, kí a gba Sèmè lọ sí Kútọnu, Lomé àti Kpalimé, kí a sì gba Atakpamé padà sí Ìdásà àti Kétu kí a tó wọlé. Ọjọ́ méjìlá ni a yà sọ́tọ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta àpótí alumíníọ̀mù mẹ́ta fún mi: méjì fún ẹ̀gbẹ́, lítà 41 lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀kan fún ẹ̀yìn, lítà 58. Kò ní kẹ́ríà wọn, ìyẹn irin tí a fi ń gbé wọn mọ́ ara alùpùpù, ṣùgbọ́n ajórin kan ládùúgbò wa ní òun lè jó kẹ́ríà fún mi láàárín ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má ra àpótí rárá, pé ó máa ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀, pé àpò rírọ̀ ni kí n rà nítorí pé òun kò nílò kẹ́ríà. Owó ọwọ́ mi kò lè ra méjèèjì. Èwo ni kí n mú?"

Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kí o tó kówó sílẹ̀. Láti ìgbà tí Kúnlé Adéyanjú ti gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wọ Èkó ní 2022, tó fi ọjọ́ 41 ṣe é, àwọn tó ń gbèrò irú ìrìn-àjò báyìí ń pọ̀ sí i láàárín wa, àpótí sì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rà. Ó yé mi. Bí àpótí mẹ́ta bá ti wà lára alùpùpù, á dà bí ẹni pé ó ti rin ayé já. Ohun tí mo gbọ́ nínú lẹ́tà rẹ ni pé o ò fẹ́ fi owó ra àbámọ̀, o ò sì fẹ́ kí ohunkóhun ṣe ẹsẹ̀ rẹ tàbí ti ìyàwó rẹ. Ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n "àpótí tàbí àpò" ni ó yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè rẹ. Méjì ló ṣáájú rẹ̀: kílò mélòó ni alùpùpù náà ṣì lè gbà lẹ́yìn tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti jókòó, àti orí irin wo ni ẹrù yẹn máa gbé. Mo ti rí ẹni tó ra àpò olówó gọbọi tó sì dúró sọ́nà, mo sì ti rí ẹni tó de àpótí ike irú èyí tí àwọn díspáàṣì ń lò mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, tó lọ, tó bọ̀, tí nǹkan kan kò sì ṣe é.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ṣí ìwé alùpùpù rẹ, tàbí kí o wo àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀; wàá rí ìwúwo tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n fàyè gbà. Yọ ìwúwo alùpùpù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú epo kíkún kúrò níbẹ̀. Ohun tó bá kù ni ti ènìyàn àti ẹrù. V-Strom 650 wúwo tó nǹkan bíi kílò 215 bí epo bá kún inú rẹ̀, ohun tó sì lè gbà sórí súnmọ́ kílò 200. Ọdún tí wọ́n ṣe tìrẹ lè mú kó yàtọ̀ díẹ̀, nítorí náà iye tó wà lára tìrẹ ni kí o lò. O kò sọ bí ẹ ṣe wúwo tó. Jẹ́ ká ní ìwọ jẹ́ kílò 82, kí ìyàwó rẹ jẹ́ 64. Ìyẹn di 146. Akoto méjì, bàtà líle, jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ìgùn fún ẹ̀yin méjèèjì kò ní dín ní kílò 14. Ó ti di 160. Kílò 40 ló kù fún gbogbo nǹkan yòókù láyé yìí. Wàyí o, kẹ́ríà irin tó gbé àpótí mẹ́ta ró yóò tó kílò 8. Àpótí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òfìfo tó kílò 5, ti ẹ̀yìn náà bẹ́ẹ̀. Kílò 23 ti lọ, ẹ kò sì tíì kó búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan sínú rẹ̀. Yọ sípánà, pọ́ǹpù àti ohun ìdí táyà tó lu kúrò, kílò 5. Yọ omi lítà mẹ́ta, kílò 3. Kílò 9 ló ṣẹ́kù fún aṣọ ènìyàn méjì fún ọjọ́ méjìlá, oògùn, ìwé, ṣájà, àti aṣọ tí ìyàwó rẹ máa rà ní Lomé, nítorí yóò rà á.

Bí o bá lo àpò rírọ̀ dípò rẹ̀, kẹ́ríà tó fúyẹ́ jẹ́ kílò 6, àpò méjì jẹ́ kílò 4. Sípánà àti omi kò yí padà. Ohun tó kù fún yín di kílò 22. Ìyàtọ̀ kílò 13 yìí kò jẹ́ nǹkan kan fún ẹni tó ń dá gun alùpùpù, torí pé ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Fún ẹni tó gbé ìyàwó, ohun gbogbo ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn fọ́tò tí à ń rí káàkiri. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé àpótí mẹ́ta nínú fọ́tò yẹn, àwọn nìkan ló wà lórí alùpùpù. Ohun kejì tí kì í hàn nínú fọ́tò ni pé àpótí ńlá kì í ṣófo. Lítà 140 ni ẹni yẹn fẹ́ tà fún ọ. Bí o bá ní lítà 140, wàá kó lítà 140, nítorí kò sẹ́ni tó ń rí àyè tí kì í rántí nǹkan tó yẹ kó mú dání. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àpótí kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ohun inú ti ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ ju kílò 10 lọ, pé ti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju kílò 5 lọ. Àwọn tó ń ka ìkọ̀wé kékeré yẹn kò pọ̀.

Ibi tí ẹrù wà tún ṣe pàtàkì tó bí ìwúwo rẹ̀ ṣe tó. Ìyá tó bá pọn ọmọ, tó fa ọ̀já le, tí ọmọ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, lè rìn dé ọjà láìsinmi. Jẹ́ kí ọ̀já yẹn tú díẹ̀, kí ọmọ máa fì sẹ́yìn, ẹ̀yìn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó kó tó rìn jìnnà, ọmọ yẹn kò sì wúwo sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni alùpùpù. Ẹrù tó wà nísàlẹ̀, tó súnmọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn, kì í yọ alùpùpù lẹ́nu. Ẹrù tó wà lókè, tó kọjá ibi tí ọ̀pá táyà ẹ̀yìn wà, ń fa ìdí alùpùpù sísàlẹ̀, ó sì ń gbé iwájú rẹ̀ fúyẹ́, bí ìgbà tí ọlọ́kọ̀ ojú omi kó gbogbo ẹrù sí ìdí ọkọ̀ tí imú ọkọ̀ gbé sókè. Mo jẹ ìyà rẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Mo kó àwọn sípánà àti bàtà sínú àpótí ẹ̀yìn torí pé ó rọrùn láti ṣí. Bí mo ṣe ń sáré kìlómítà 110 ní wákàtí kan, gbogbo ara alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í mì légbẹ̀ẹ́ légbẹ̀ẹ́ bí ẹja nínú omi. Mi ò fọwọ́ kan bíréèkì. Mo rọra dẹ epo sílẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Mo dúró, mo kó nǹkan bíi kílò 6 kúrò lẹ́yìn lọ sí ìsàlẹ̀ àpò ẹ̀gbẹ́, mo sì tún gbéra. Ní ìwọ̀n eré kan náà, kò mì mọ́. Táyà kan náà ni, ẹni kan náà, ẹrù kan náà.

Wàyí o, kẹ́ríà. Òun ni mo fẹ́ kí o fọkàn sí jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Òṣùká ni kẹ́ríà jẹ́ fún alùpùpù: kì í ṣe òun ló ń ru ẹrù, orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń rù ú. Orí yẹn ni férémù ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn irin tó nà láti abẹ́ ìjókòó lọ sí ibi iná ẹ̀yìn. Irin tó tinrin ju férémù iwájú lọ ni, wọn kò sì ṣe é fún ju ènìyàn kan àti ẹrù díẹ̀. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, kò sí wàhálà. Bí o bá já sí gálọ́pù pẹ̀lú eré, kílò 10 tó wà nínú àpótí yóò fa irin yẹn pẹ̀lú agbára tó ju kílò 10 lọ fíìfíì, á tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lóòjọ́. Irin kì í ṣẹ́ nítorí ìgbà kan tó burú. Ó ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, ó ń sán níbi kan tí ojú kò rí, tí ọ̀dà bò. Nítorí náà, tú ìjókòó rẹ kí o tó ṣe ohunkóhun. Fọ férémù ẹ̀yìn mọ́, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ìlà pupa tín-ín-rín tí ìpata fà sórí ọ̀dà túmọ̀ sí pé irin ti sán níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni tìrẹ. Èmi kò rí i, mi ò sì lè sọ bóyá ó ti ṣubú rí níbi tó ti wá tàbí ẹni tó lò ó ti gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Tún mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ jẹ́ irin, ibi tí kò bá lẹ̀ mọ́ jẹ́ alumíníọ̀mù, iyẹn ni ibi tí o kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ajórin kankan fi iná sún mọ́ láéláé.

Kẹ́ríà tí mo kọ́kọ́ ní, ajórin ló ṣe é fún mi, páìpù tí wọ́n fi ń ṣe àga ló sì lò. Ó dára lójú. Ó kùn ún ní dúdú, ó ń dán. Láàárín Àgbómẹ̀ sí Ìdásà, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹ̀ka igi já, àpótí ọwọ́ ọ̀tún sì wọlé sára táyà. Ọlọ́run ló yọ mí pé mo ti dẹ eré nítorí àwọn ewúrẹ́ tó wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo wò ó, ojú ibi tí wọ́n jó kò ṣẹ́ o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, nǹkan bí ìbú ìka kan síbẹ̀, ló ṣẹ́. Iná ti sọ irin yẹn di aláìlágbára, páìpù náà sì tinrin, kò sí ohun tó dì í mú láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ajórin kan ní Ìdásà ló tún un ṣe. Èdè tó ń sọ kò jìnnà sí tiwa, a gbọ́ra wa yé dáadáa, òun ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, torí pé kẹ́ríà àwọn alùpùpù tó ń ru epo àti iṣu ló ń jó lójoojúmọ́.

Má ṣe sá fún ajórin àdúgbò rẹ. Kẹ́ríà tí wọ́n ṣe láti ilé-iṣẹ́ fún V-Strom dára, ó sì máa ń bá ihò bóòtù mu, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pẹ̀lú owó kọ́sítọ́ọ̀mù lè ju owó àpò lọ, bó bá sì ṣẹ́ ní Kpalimé, ajórin kan náà ló máa tún un ṣe. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o bá a jókòó kí ó tó tan iná. Sọ fún un pé o ò fẹ́ páìpù àga, o ò sì fẹ́ páìpù onígun mẹ́rin. Páìpù róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18 tàbí 20, tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2, ni kó lò. Níbi tó bá ti máa ya, kí ó tẹ̀ ẹ́. Kó má gé e kó tún jó o pọ̀, torí gbogbo ibi tí iná bá kàn ni ibi tó lè ti ṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ di alùpùpù mú níbi mẹ́ta, kí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jìnnà síra: níbi irin tó gbé ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn, níbi bóòtù irin ìdìmú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, àti lẹ́yìn pátápátá. Lẹ́yìn yẹn ni kó fi irin kan so ẹ̀gbẹ́ òsì mọ́ ti ọ̀tún lẹ́yìn nọ́ńbà, lókè táyà. Irin yìí ni àwọn ajórin sábà máa ń fi sílẹ̀ nítorí pé kò gbé nǹkan kan. Òun gan-an ni kì í jẹ́ kí kẹ́ríà wọlé sára táyà bí alùpùpù bá ṣubú. Bí tèmi bá ti ní in lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá má sọ ìtàn Ìdásà fún ọ.

Ohun mìíràn nìyí, má sì jẹ́ kó bá ọ jiyàn lórí rẹ̀: kò gbọdọ̀ jó nǹkan kan mọ́ férémù alùpùpù rẹ. Bóòtù ni kí gbogbo rẹ̀ fi dúró, kí kẹ́ríà lè ṣẹ́ kí férémù tó ṣẹ́, torí kẹ́ríà ṣeé rà, férémù kò ṣeé rà. Bó bá fẹ́ fi iná kan irin díẹ̀ lórí alùpùpù kí ó lè mọ ìwọ̀n, kí ó tú okùn bátìrì kúrò ná, kí ó sì so wáyà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ kẹ́ríà níbi tó súnmọ́ iná. Alùpùpù rẹ ní kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ, iná ajórin sì lè bà á jẹ́. Kí ó tú kẹ́ríà sílẹ̀ kó tó jó o parí. Bóòtù mìlímítà 8 tó ní àkọlé 8.8 lórí, ìyẹn àmì agbára rẹ̀, ni kí o rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò fún ìlẹ̀kùn, kí o sì kán oje ìdènà-títú aláwọ̀ búlúù sí i. Ọjọ́ kan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Bó bá ní ọjọ́ kan ni, ó ń ronú nípa páìpù àga.

Ní ti àpótí tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ láìsí kẹ́ríà, ìbéèrè mi ni pé kí ló ń dì wọ́n mú? Àpótí ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà wọ kẹ́ríà ilé-iṣẹ́ mìíràn. Kódà láàárín ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó lè má wọ̀. GIVI tí Giuseppe Visenzi, sárésáré alùpùpù tẹ́lẹ̀rí, dá sílẹ̀ ní Ítálì ní 1978 ní ọ̀nà ìdè tó ju ọ̀kan lọ, bíi Monokey àti Monolock, àpótí ọ̀kan kò sì ní dúró lórí àwo èkejì, ìyẹn páànù tí àpótí ń jókòó lé. Ọ̀pọ̀ àpótí alumíníọ̀mù ló ń fi ìkọ́ di páìpù mìlímítà 18 mú. Bí páìpù bá jẹ́ 16, á máa mì títí yóò fi jẹ ara rẹ̀. Bí ẹni yẹn kò bá ní àwo, ìkọ́ àti kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́wọ́, páànù ìkẹ́rù lásán ló ń tà, ó sì yẹ kí iye tó pè é fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn sọ ọ́ kọjá ààlà ni. Àpótí tó wà lára alùpùpù kì í já ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà ọ̀dà. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé inú yanrìn tàbí ẹrẹ̀, nígbà tí alùpùpù ń rọra lọ tó ń fì, ènìyàn á gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti fi tì í. Ẹsẹ̀ dúró, alùpùpù ń lọ síwájú, igun àpótí á sì dé bá ẹran ẹsẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú yanrìn etíkun lẹ́bàá Ouidah. Kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tiro. Àwọn kan ni ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́ lóòótọ́ lọ́nà yìí. Àpò rírọ̀ á kàn ti ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ọ̀nà tí ìwọ kà sílẹ̀ jẹ́ ọ̀dà ní ibi tó pọ̀ jù, nítorí náà bí ẹ kò bá ya wọ etíkun tàbí ọ̀nà erùpẹ̀ orí òkè Kpalimé, ewu yìí kéré fún yín. Fífẹ̀ ni mo máa kà sí ìṣòro àpótí jù ú lọ. V-Strom pẹ̀lú àpótí ẹ̀gbẹ́ méjì lè fẹ̀ tó mítà kan, ó fẹ̀ ju ọwọ́ alùpùpù fúnra rẹ̀ lọ. Bí o bá já sí gòsílóò ọ̀nà Badagry, wàá rò pé o ti ráyè kọjá láàárín dánfó méjì nítorí pé ọwọ́ alùpùpù kọjá, àpótí á sì lọ gbá bọ́ńpà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó sọ pé àpò rírọ̀ kò nílò kẹ́ríà, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú sí mi. Àpò tí a kàn sọdá ìjókòó láìsí irin tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa fì, á wọ inú táyà, tàbí kó lẹ̀ mọ́ sáléńsà. Ọ̀tún ni sáléńsà V-Strom wà. Mo ti sun àpò kan rí, pẹ̀lú aṣọ òjò tó wà nínú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ títí mo fi gbọ́ òórùn. Fi àyè tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sí àárín àpò àti sáléńsà, kí ajórin rẹ sì gé páànù pẹlẹbẹ kan dúró láàárín wọn, kí páànù náà má kan sáléńsà. Àwọn àléébù mìíràn wà tí mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Ọ̀bẹ ń ya àpò. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Eruku ọyẹ́ ń wọ síìpù, oṣù Kejìlá ni ẹ sì ń lọ, nítorí náà èyí tí wọ́n ń ká lẹ́nu tí wọ́n fi ìkọ́ dì ni kí o rà, má ra onísíìpù. Bí alùpùpù bá ṣubú, ohun tó lè fọ́ nínú àpò á fọ́. Ibi tí àpò ti ń ra irin kẹ́ríà á gbó, àfi kí o fi túùbù táyà àtijọ́ wé páìpù náà.

Àpótí ní iyì tirẹ̀ ní bọ́dà. Ní Sèmè àti Hilacondji, ẹ máa fi alùpùpù sílẹ̀ lọ tẹ ìwé, ó sì dára kí ènìyàn mọ̀ pé nǹkan òun wà ní títì. Ohun tí èmi àti ìyàwó mi máa ń ṣe ni pé ẹnì kan á wọlé lọ, ẹnì kejì á dúró ti alùpùpù. Ẹ̀yin náà jẹ́ méjì. Ìwé ìrìnnà, ìwé alùpùpù, káàdì búráùn ìbánigbófò ECOWAS àti owó sẹ́fà, ọrùn tàbí àpò orí táńkì tó ṣeé yọ gbé dání ni kí wọ́n wà. Bí ọ̀rọ̀ ìyẹn bá ti yanjú, aṣọ àti bàtà nìkan ló kù nínú àpò ẹ̀gbẹ́, mi ò sì tíì rí ẹni tó fi ọ̀bẹ ya àpò nítorí ṣòkòtò tó ti rùn fún ọjọ́ márùn-ún.

Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, mi ò ní ra àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Màá kọ́kọ́ ná owó mi sórí kẹ́ríà tó dára. Màá wá wá àpò ẹ̀gbẹ́ rírọ̀ méjì tí kò ju lítà 25 sí 30 lọ, àti àpò gígùn kan tí omi kì í wọ̀, èyí tí a máa fi ọ̀já alágbára dì mọ́ alùpùpù lẹ́yìn ibi tí ìyàwó jókòó sí, tí aṣọ nìkan á wà nínú rẹ̀. Bí àpò ilé-iṣẹ́ bá wọ́n jù, lọ bá àwọn tó ń rán tàpólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ àjàgbé. Àpò tí mo lò ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ọwọ́ wọn ni mo ti rán an. Kò rẹwà, omi sì ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé, nítorí náà mo máa ń kó aṣọ sínú ọ̀rá nípọn kó tó wọ inú rẹ̀, ìyẹn sì tó. Bó bá jẹ́ pé o dá ń lọ ni, tí ọ̀nà rẹ jẹ́ ọ̀dà, tí ẹni yẹn sì ní àwo àti ìkọ́ wọn lọ́wọ́, mi ò ní bá ọ jà bí o bá ra méjì tó kéré nínú wọn. Àpótí ẹ̀yìn lítà 58 yẹn nìkan ni mi ò ní gbà fún ọ lọ́nàkọnà. Ìyàwó rẹ á fẹ́ràn rẹ̀ torí á rí ibi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bó bá ti ń fẹ̀yìn tì í, ìwúwo tirẹ̀ náà ti ń bọ́ sórí kẹ́ríà nìyẹn.

Bí ohun gbogbo bá ti wà nílẹ̀, gbé alùpùpù náà sípò pẹ̀lú ẹrù àti ẹ̀yin méjèèjì. V-Strom 650 ní kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń fún sípíríǹgì ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn le. Ìrìn táyà ẹ̀yìn lórí ṣọ́ọ̀kì yẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó nǹkan bíi mìlímítà 160. Bí ẹ bá jókòó, ìdí alùpùpù gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn, nǹkan bíi 50 sí 55. Pe ẹnì kẹta kó fi tépù wọ̀n ọ́n. Bó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí o ti fún un dé òpin, ẹrù ti pọ̀ jù tàbí ṣọ́ọ̀kì ti kú, èyí tó wọ́pọ̀ nínú tòkunbọ̀. Afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn náà, ti ènìyàn méjì ni kí o fi sí i, bó ṣe wà lára àmì alùpùpù.

Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sátidé kan ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ kó gbogbo ẹrù bí ẹ ó ṣe kó o gan-an, kí ẹ gùn ún lọ sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ sì padà. Ìrìn yẹn á fi ohun gbogbo hàn yín. Bí ẹ bá dé, fọwọ́ kan bóòtù kẹ́ríà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sípánà, tú ìjókòó, tún fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn ojú ìjó. Gbé àwọn àpò kalẹ̀, kí o gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ìwọ̀n, kí o sì kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ti òsì lọ́tọ̀, ti ọ̀tún lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, pẹ̀lú fọ́tò kẹ́ríà láti ẹ̀yìn níbi tí irin tó so méjèèjì pọ̀ wà.